Omi ń yọ sórí òkúta àbàtà àtọwọ́dá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbàtà àtọwọ́dá wa (kòtò òkúta tí a gbin ewéko sí láti sẹ́ omi ẹ̀gbin), tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì gùn ní mítà 7, tó ń gba omi sọ́kàwéè èèyàn 6, ti ń rú omi sókè níbi tí páìpù ti wọlé. Ṣé ká kó gbogbo òkúta ni?

— Rárá o! Ẹ ṣí sọ́kàwéè wò ná. Bí ẹrẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀. Ọ̀rá àti ẹ̀gbin tó ń ṣàn kọjá ibẹ̀ ló ń dí òkúta.

— Mítà àkọ́kọ́ láti ibi tí páìpù ti wọlé ló sábà ń dí. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ hú. Ẹ to òkúta ńlá, mìlímítà 40 sí 80, sẹ́nu ọ̀nà. 8 sí 16 ni ti àárín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí eruku òkúta náà ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ páìpù ìjáde sílẹ̀ kí omi fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 rẹlẹ̀ sí ojú òkúta.

— Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ da omi tó jáde sí. Ẹ má wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́. Kòkòrò àrùn ṣì wà nínú rẹ̀.