Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn onílẹ̀ Tasmania ti tán?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Hobart, olú ìlú Tasmania ní Australia, pè mí lánàá, ó ní wọ́n ní Truganini tó kú ní 1876 ló gbẹ̀yìn nínú àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ (ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé), pé wọ́n tiẹ̀ hú egungun ìyá yẹn, wọ́n gbé e sí mùsíọ́mù káráyé máa wò ó (ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an), 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ún tí wọ́n da eérú ẹ̀ sómi.

Àmọ́ Fanny Cochrane Smith tóun náà jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Wybalenna ní Flinders Island ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òyìnbó kó àwọn tógun ò pa lọ, ó bímọ mọ́kànlá, ó kọrin ìbílẹ̀ wọn sínú ẹ̀rọ ní 1899 àti 1903, 1905 ló tó kú! Ṣé torí ọkọ ẹ̀ jẹ́ òyìnbó ni wọn ò fi kà á ni? Ọmọ kíláàsì àbúrò mi kan gan-an ní onílẹ̀ lòun. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè gbọ́ orin yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ júwe ẹ̀ fún mi.