Òru ni páìpù ń sọ̀rọ̀: ìrírí wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé nílé-iṣẹ́ omi

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Iṣẹ́ wíwá ibi tí páìpù omi ti ń jò ni mo ń ṣe níbí. Òru la máa ń jáde tẹ́lẹ̀, láàárín aago méjì sí mẹ́rin, nígbà tí ọkọ̀ ti dá lójú títì tí aráyé sì ń sùn. Irinṣẹ́ wa kò ju ọ̀pá irin kan lọ. Wàá ṣí ìdérí fáàfù, ìyẹn ohun tá a fi ń ti omi páìpù, wàá ki ọ̀pá bọ ihò títí á fi kan irin nísàlẹ̀, wàá gbé etí lé orí rẹ̀, wàá sì di èémí mú. Páìpù tó dá ṣáṣá á dákẹ́. Èyí tó ń jò á máa ta ṣìììì bí epo gbígbóná. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń gbọ́ ọ bí bọ́ọ̀sì tiẹ̀ ń kọjá. Etí tèmi ò dé bẹ̀ rí.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fi mágnẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ fáàfù. Bí ìró kan ò bá dáwọ́ dúró lóru, á gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí méjì bá gbọ́ ìró kan náà, kọ̀ǹpútà á wo èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àti bó ṣe fi ṣáájú èkejì tó. Nínú páìpù irin, ìró ń rìn ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà a lè ṣírò ibi tó ti ń jò ká tó gbẹ́lẹ̀.

Òpópónà kan wà tí wọ́n ti ri páìpù rẹ̀ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀dá bá dá, amọ̀ á gbẹ, á fà sẹ́yìn, á sì ṣẹ́ páìpù. Kò sẹ́ni tó rí omi lókè. Ìgbà tá a gbẹ́ ibẹ̀, irin ti là yípo, omi tó mọ́ gaara sì ń dà lọ tààrà sínú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ̀rọ ti ránṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, wọn ò gba ẹni tí yóò máa ka ohun tó ń wí, wọn ò sì fi kún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, bùrọ̀dá. Mítà tuntun tó wà níwájú ilé wa ń ka omi ní wákàtí-wákàtí. Lẹ́tà dé pé kò sí wákàtí kan, tọ̀sán-tòru, tí omi kì í ṣàn nílé mi. Mo yẹ gbogbo ẹ̀rọ omi wò, wọ́n gbẹ. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù mi ní kí n lẹ tíṣù gbígbẹ mọ́ ẹ̀yìn abọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí n tó sùn, kẹ́nikẹ́ni má sì lò ó. Ilẹ̀ mọ́, tíṣù ti rin gbindin, ó ti ya. Rọ́bà inú tánńkì ló ti jẹ. Irú rẹ̀ lè gbé 200 sí 400 lítà lọ lójúmọ́ láìdún rárá.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ẹ kú àjò, ẹ̀yin ọmọ mi. Nílé níbí ni mo ti ṣiṣẹ́ olómi. Aago méjì òru tí ẹ ní aráyé ń sùn yẹn, ìgbà náà gan-an ni omi ń dé ládùúgbò tiwa. Ìyàwó ilé á ti gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀rọ, á ṣí i sílẹ̀, á lọ sùn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ jíjò yàtọ̀ sí èyí téèyàn ń gbà? Bí omi bá sì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ á kún páìpù. Bó bá ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ yí mítà. Mo fojú ara mi rí abẹ́rẹ́ mítà tó ń sáré wìrìwìrì, tí ẹ̀rọ omi ń fọn féé, láìsí ẹ̀kán omi kan. Onílé dúró tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Owó atẹ́gùn la fẹ́ gbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe ní Phnom Penh, ní Kàm̀bódíà. Lọ́dún 1993 tí Ek Sonn Chan di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi ibẹ̀, nǹkan bí 72 nínú 100 lítà ló ń ṣòfò sọ́wọ́ jíjò àti olè. Wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n fún oníbàárà ní mítà, àwọn ọ̀gá ológun pàápàá sanwó, omi sì ń ṣàn tọ̀sán-tòru. Nígbà tó fi máa di 2010, òfò ò ju nǹkan bí 6 lọ.

Ọmọ mi, páìpù ike ló pọ̀ nílé báyìí. Ṣé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ọ?

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìrírí, Bàbá. Ike máa ń gbé ìró mì ni. Kì í rìn jìnnà nínú rẹ̀, kì í sì í sábà yára tó ìdajì ti irin, torí náà ẹ máa ní láti to ẹ̀rọ náà súnmọ́ra gan-an. Tó bá jẹ́ èmi ni, mítà ńlá fún páìpù tó ń gbé omi wọ àdúgbò kan ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ẹ fún àdúgbò yẹn lómi láìdá fún oṣù kan, kí dúrọ́ọ̀mù kún, kọ́kàn àwọn èèyàn balẹ̀, kí wọ́n máa ti ẹ̀rọ omi pa lálẹ́. Omi yòówù tó bá ṣì ń wọlé wìì ní aago mẹ́ta òru, ilẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ṣọ́bìrì lọ.