Èsì: "Ètò-ogbó" kẹ̀? Ta ló ń ṣàdúrà fún Windows?

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dá lánàá yìí, "ìlékúrò ètò-ogbó lórí ẹ̀rọ oníbàtà-méjì", kò jẹ́ kí n gbádùn rárá. Ẹ ní kó dúró fún kéèyàn yọ Windows àtijọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti gbé Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní dual-boot. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, pàápàá látìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ nínú àtìlẹ́yìn Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "ogbó" yẹn, òun gan-an ló ń bí mi nínú.

Ogbó, ató, àdúrà ni. Wàá gbó, wàá tọ́. Ẹ wáá gbé e lé nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ lé jáde lórí! Tí mo bá gbọ́ "ètò-ogbó", owó ìfẹ̀yìntì ló máa wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ogbó, kì í ṣe ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ẹ ò sì lè sọ pé ògbólógbòó lẹ ní lọ́kàn torí a mọ irú èèyàn tá à ń pè bẹ́ẹ̀. Windows ọ̀hún ò tiẹ̀ gbó, ó ṣì ń tàn, kò ya. "Windows ti tẹ́lẹ̀" lẹnu gbogbo èèyàn ń sọ, kí ló ṣe ìyẹn?

Oníbàtà-méjì ńkọ́? Ẹ ní látinú bootstrap ni wọ́n ti mú boot, ìyẹn kí ètò kọ̀ǹpútà jí tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ: bootstrap ni okùn ẹ̀yìn bàtà, ẹni tó ń fi okùn bàtà ara ẹ̀ gbé ara ẹ̀ sókè. Ẹ ò purọ́. Àwàdà tiwọn nìyẹn, kí ló kàn wá níbẹ̀? Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wà láyé ni oníbàtà-méjì.

Ìyá wa tó ní ká pè é ní kọ̀ǹpútà olórogún pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ orogún máa ń jí lójúmọ́ kan náà, wọ́n ń ríra wọn. Windows àti Linux kì í ríra lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀kan ò lè jí àfi tí èkejì bá sùn. Ẹ jẹ́ ká fi olórogún pamọ́ fún virtual machine, kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi, níbi tí wọ́n ti jọ ń jẹ RAM kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí mo ṣe ní ká pè é ní "onííjí-méjì" nìyẹn, látara jí. Ẹnì kan ti ní ìjì tó ń jà lòun rò. Tẹ́ ẹ bá ń fi àmì ohùn sí i, ìjì kankan ò ní jà. Ẹlòmíì ní jí tún jẹ́ ti olè, àmì ohùn ò sì lè gbà wá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sọ "mo jí" láàárọ̀ tí wọ́n pe ọlọ́pàá?

Èyí tó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ gan-an ni "ìlékúrò". Ẹ ṣe é bíi pé ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn máa tì í, ó bọ́ síta. Ẹ ṣí msconfig, irinṣẹ́ Windows tó ń ṣètò bó ṣe ń jí, lórí ẹ̀rọ tó ní Windows méjì, ẹ lọ sí Boot, ẹ tẹ Delete lórí ti tẹ́lẹ̀. Orúkọ ẹ̀ á lọ. Ẹ wáá ṣí Disk Management tó ń fi bí wọ́n ṣe pín dísíìkì hàn, pátíṣọ̀n ẹ̀, ìpín dísíìkì tó ń gbé, ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀. Ẹ ti yọ orúkọ, ẹ ò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹlòmíì á sì ṣe òdìkejì: á pa pátíṣọ̀n Linux rẹ́, kò ní yọ GRUB tó ń jí Linux, tó bá tún tan ẹ̀rọ, ojú dúdú àti grub rescue> ló máa kí i káàárọ̀. Tó bá jẹ́ Windows lẹ pa rẹ́, ẹ ṣì máa wo efibootmgr, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn ètò tó lè jí, nínú Linux, ẹ ó rí Windows Boot Manager tó ṣì ń jẹ́ orúkọ níbẹ̀, ẹ ó fi -b àti nọ́ńbà ẹ̀ pẹ̀lú -B yọ ọ́, ká tó wá sọ ti update-grub tó ń tún àkójọ GRUB ṣe. Yíyọ yàtọ̀, pípa rẹ́ yàtọ̀, dídá àyè padà tún yàtọ̀. Ẹni tó bá sì gba "lé" yín gbọ́, á lé pátíṣọ̀n EFI, èyí kékeré tó ń gbé fáìlì tí ètò fi ń jí, náà mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni Linux ti ń jí!

Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà máa ń ní, tẹ́ ẹ bá dá ọ̀rọ̀, ẹ fi bú èèyàn wò, ẹ fi gbàdúrà wò, tẹ́nu ò bá kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi, òótọ́ ni, àmọ́ èmi ni wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ wá bá. Ti pé ẹ ní ì- àti à- tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ò yàtọ̀ síra, mi ò ní dáhùn, ẹ lọ wo ìfikún àti àfikún.

Àbúrò tó ní ká kàn máa sọ dìlíìtì (delete), mi ò bá ẹ jà. Àmọ́ dìlíìtì ni àbí dílíìtì? O kọ méjèèjì sínú ìlà kan ṣoṣo lánàá.