Kọ̀ǹpútà tuntun tí a fọwọ́ ara wa tò ń kú lójijì: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ayafídíò (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ kẹta sì nìyí tí èmi àti àbúrò mi to kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún iṣẹ́ náà. Ryzen 5 5600 ni processor rẹ̀, B550 ni motherboard rẹ̀, RTX 3060 ni káàdì àwòrán rẹ̀, power supply rẹ̀, tó ń pín iná fún un, jẹ́ 650W, Windows 11 ni ó sì ń lò. RAM rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, jẹ́ mẹ́rin, irú DDR4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8GB: méjì wà nínú páálí kan náà nígbà tí mo rà wọ́n, méjì yòókù ni mo rà nígbà tí owó tún wọlé, 3600, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe lè sáré tó, ni wọ́n sì kọ sára gbogbo wọn.

Ìṣòro mi ni pé kọ̀ǹpútà yìí kò ní àkókò kan pàtó tí ó ń kú. Ó lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìṣe nǹkan kan, kí ó sì kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á di búlúù, ìkọ̀wé funfun á jáde, ṣùgbọ́n kí n tó kà á tán ó ti pa, ó sì ti tún tàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní sí búlúù, kò ní sí ìkọ̀wé, yóò kàn ṣókùnkùn bí ẹni pé ẹnìkan fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó parí tí ó fi kú. Nígbà tí mo ṣí ohun tó ti ṣe sílẹ̀, ibi tí ìyá ìyàwó ti ń jó wọlé ni ó gé sí. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé mo ti dá ọjọ́ fún ẹbí náà.

Mo ti tún Windows fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti pààrọ̀ driver káàdì àwòrán (ètò tí Windows fi ń bá a ṣiṣẹ́). Ẹnìkan ní kí n lọ ra power supply mìíràn. Kí n tó náwó, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìrójú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀: ikú tó ń fi búlúù hàn àti ikú tó ń ṣókùnkùn lójijì kì í sábà ní orísun kan náà. Bí búlúù bá jáde, Windows fúnra rẹ̀ ni ó rí i pé nǹkan ti wọ́, tí ó sì dá iṣẹ́ dúró kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Bí ó bá ṣókùnkùn láìsọ ohunkóhun, Windows kò ráyè sọ̀rọ̀ rárá, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé iná ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pín wọn sọ́tọ̀, kí a má baà mú ẹnìkan ṣoṣo fún ẹ̀ṣẹ̀ tó lè jẹ́ ti ẹni méjì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ìkọ̀wé búlúù náà dúró kí ẹ lè kà á. Ẹ tẹ sysdm.cpl sínú àpótí Run, ẹ lọ sí Advanced, lẹ́yìn náà Startup and Recovery, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wọ Windows Logs, kí ẹ wo System. Ẹ ó bá Kernel-Power 41 níbẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rí i tí wọ́n á sáré lọ ra power supply, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ni ó ń rò. Ó dà bí ọdẹ tó jí lówùúrọ̀ tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, tó mọ̀ pé a kò tì í bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tó ṣí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú rẹ̀ ni BugcheckCode, nọ́ńbà irú búlúù tó jáde, tó wà lábẹ́ Details. Bí ó bá jẹ́ 0, Windows kò kọ búlúù kankan sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá WHEA-Logger wà níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀sùn tí processor àti àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà bá fi sun máa ń wà.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ aago tó kú, irú ikú tó kú, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lásìkò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ kò ní mọ oògùn tó wò ó.

Ayafídíò (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo kọ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ìgbà 11 ni ó sì kú. Márùn-ún jẹ́ búlúù: MEMORY_MANAGEMENT jáde lẹ́ẹ̀mejì, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA lẹ́ẹ̀mejì, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL lẹ́ẹ̀kan. Nínú Event Viewer, 26, 80 àti 10 ni BugcheckCode wọn. Mẹ́fà yòókù jẹ́ òkùnkùn, 0 sì ni gbogbo wọn. N kò rí WHEA-Logger kankan.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka ìwé náà padà. Nínú òkùnkùn mẹ́fà yìí, márùn-ún bọ́ sí ìgbà tí NEPA mú iná lọ tàbí tí wọ́n dá a padà, bẹ́ẹ̀ sì ni inverter wa kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé iná lọ. N kò sí nílé nígbà ẹ̀kẹfà. Ní ti RAM, mo tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nínú BIOS (ojú ètò tí a máa ń ṣí kí Windows tó tàn), 3600 ni ó sì ń fi hàn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Abẹ́òkúta)

Ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Màá mú ti búlúù, kí àwọn tó mọ iná bá wa wo ti òkùnkùn.

Bí driver kan bá ni ó bàjẹ́, orúkọ kan náà ni ó sábà máa ń jáde léraléra. Tiyín ń pààrọ̀ orúkọ, gbogbo orúkọ náà ló sì ń tọ́ka sí ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀. RAM ni kí a kọ́kọ́ fura sí, kì í sì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ dandan. 3600 tí wọ́n kọ sára RAM kì í ṣe ìlérí processor yín. Ohun tí AMD ṣèlérí fún Ryzen 5 5600 ni DDR4 títí dé 3200 bí RAM bá jẹ́ méjì. Bí ó bá di mẹ́rin, ìlérí náà wálẹ̀ sí 2933 fún èyí tó jẹ́ single rank (ọ̀wọ́ chip kan lára RAM kọ̀ọ̀kan), ó sì tún wálẹ̀ sí 2667 fún dual rank (ọ̀wọ́ méjì). XMP, tí àwọn motherboard kan ń pè ní DOCP, ń mú RAM sáré kọjá èyí, ó sì sábà ń gbé iná rẹ̀ láti 1.2V sí 1.35V. RAM méjì tí a dì pa pọ̀ ni wọ́n dán wò pa pọ̀. Méjì tí ẹ rà lẹ́yìn náà kò bá wọn pàdé rí, bí ìkọ̀wé ara wọn tilẹ̀ bára mu.

Ẹ gba Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, sórí flash drive, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn láti orí flash náà dípò Windows. Ẹ kọ́kọ́ dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bí wọ́n ṣe wà. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá jáde, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ dán páálí àkọ́kọ́ nìkan wò, kí ẹ sì dán ti kejì nìkan wò, nínú ihò kejì àti ìkẹrin bí ẹ bá ń kà láti ẹ̀gbẹ́ processor. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ motherboard fẹ́ kí RAM méjì wà.

Oníṣẹ́-iná (Ṣàgámù)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti òkùnkùn. Kì í ṣe pé power supply yín kéré. Processor yín kì í sábà jẹ ju 88W lọ, 170W ni ti RTX 3060, tí a bá sì ka gbogbo ìyókù mọ́ ọn, a kò tíì dé ìdajì 650W.

Iná tí a ń lò máa ń yí po ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé ìyípo kan gba millisecond 20 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni millisecond kan). Power supply kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀nba iná tó fi pamọ́ sínú capacitor rẹ̀, èyí tó yẹ kí ó lè gbé e fún nǹkan bí millisecond 16 bí iná bá já lójijì. Kò tó ìyípo kan. Inverter ní láti bọ́ sórí bátìrì láàárín àkókò yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní súwíìṣì kékeré kan lẹ́yìn tàbí ètò kan nínú rẹ̀, tí ẹ ó ti rí UPS àti APL, ọ̀nà méjì tí inverter lè gbà ṣiṣẹ́. Lórí UPS, ó máa ń gbà á bíi millisecond 10. Lórí APL, tí a ṣe fún fáànù àti fíríìjì, ó lè gbà á tó 20. Ojú yín kò lè rí i lára gílóòbù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i, pàápàá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ agbára tí capacitor ń tètè gbẹ.

Ẹ tún wò ó bóyá pure sine wave ni inverter náà (iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní yíyọ̀ bíi ti NEPA), nítorí pé àwọn power supply òde òní kan kì í bá modified sine wave (tó ń fò bí àkàsọ̀) rẹ́. Kí ẹ sì tó ti àpótí padà, ẹ fi ọwọ́ tẹ kéébù 8-pin tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ processor, kí ẹ rí i pé ó há dáadáa.

Ayafídíò (Ìbàdàn)

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é.

RAM mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí 3600: kò tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn wá sísàlẹ̀. Páálí àkọ́kọ́ nìkan lórí 3600: kò sí àṣìṣe kankan. Páálí kejì nìkan: kò sí níbẹ̀ náà. Mo wá dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo sì fọwọ́ yàn 2933 fún wọn, ó ṣiṣẹ́ mọ́jú láìsí àṣìṣe. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọn kò kàn lè jọ sáré bẹ́ẹ̀ ni.

Inverter wa jẹ́ pure sine wave, APL ni ó sì wà. Àbúrò mi dúró ti súwíìṣì NEPA, èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, a pa iná lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò kú. Nígbà tí mo fi fídíò sí i kí ó máa ṣe é, ó kú lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá. A gbé e sí UPS, a pa iná ní ìgbà 20 pẹ̀lú fídíò lórí iṣẹ́, kò kú rárá. Mo tún fídíò ìgbéyàwó yẹn ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, NEPA mú iná lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀, ó sì parí.

Ìbéèrè kan ló kù: láti ìgbà tí mo ti gbé e sí UPS, bátìrì ń tètè tán nírọ̀lẹ́ bí iná tilẹ̀ wà.

Oníṣẹ́-iná (Ṣàgámù)

Ẹ kú oríire. Iye iná tó ń wọlé yín nírọ̀lẹ́ ló fà á. Lórí UPS, ọ̀pọ̀ inverter kì í gba iná tó bá wálẹ̀ ju nǹkan bí 170V lọ, wọ́n á bọ́ sórí bátìrì. Lórí APL, wọ́n lè gba á títí dé nǹkan bí 90V. Ẹ fi mítà wọn iná yín láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ó bá ń lọ sí 160V, ẹ gbé inverter padà sí APL fún ilé, kí ẹ ra UPS kékeré (àpótí bátìrì tó dá dúró, kì í ṣe súwíìṣì ara inverter) tó jẹ́ pure sine wave, tó sì lè gbé 400W, fún kọ̀ǹpútà àti mónítọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ má fi stabilizer onírìléè síwájú rẹ̀, nítorí pé òun náà máa ń já iná fún millisecond díẹ̀ nígbà tó bá ń pààrọ̀, ibi tí a ti ń bọ̀ ni yóò sì dá yín padà sí.