Mo ti sọ fún tíṣà, ọ̀rọ̀ ò dé géètì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹni tó ń mú ọmọ nílé-ìwé

Ìyá Mofẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà láàárín wa.

Ọmọ mi obìnrin wà ní Nọ́sìrì 2 nílé-ìwé kan tí kò jìnnà sílé wa. Balógun ni mo ti ń ta léèsì, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, kò sì sí èyí tó lè débẹ̀ láago méjì ọ̀sán nínú àwa méjèèjì. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan la ń sanwó fún lóṣooṣù. Òun ló ń mú un lọ sọ́dọ̀ Àlájà tó ń gbé lójúlé tó tẹ̀ lé tiwa, ibẹ̀ ló máa ń wà títí n ó fi dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe àǹtí kíláàsì rẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, mo ní àbúrò mi obìnrin ló máa wá mú un lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n fẹ́ yẹ eyín rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníkẹ̀kẹ́ pé kó má wá. Fóònù tiẹ̀ ti kú láti àárọ̀, kò rí i.

Nígbà tí àbúrò mi dé ilé-ìwé, wọ́n wá ọmọ títí, wọn ò rí i. Àǹtí ti wọ kíláàsì lẹ́sìnnì. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní kẹ̀kẹ́ ti gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ wo? Ó ní kẹ̀kẹ́ yẹ́lò ni. Ẹ gbọ́ ná, kẹ̀kẹ́ wo ni kì í ṣe yẹ́lò ní Èkó? Àbúrò mi ní kó ṣàlàyé irú ẹni tó wà á, ó ní ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó ní ọ̀gá òun ló rán òun. Oníkẹ̀kẹ́ tiwa lé ní ogójì ọdún.

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bá mi tajà, mo sáré já sí Ìdúmọ̀tà. Dánfó tí mo wọ̀ dúró lórí Afárá Carter, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ ẹkún àbúrò mi nínú fóònù. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bá mi pe Àlájà. Àlájà ní, “Mofẹ́ wà níbí, ó ń jẹ ẹ̀bà.” Kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ló wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ló bá rán ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ míì.

Ọlọ́run ló bá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló mú ọmọ mi jáde nílé-ìwé, lọ́jọ́ tí mo ti sọ ẹni tó máa mú un.

Bàbá Mofẹ́ ní òun máa gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì kí gbogbo wọn kà á, ká sì yọ ọmọ kúrò. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí yẹn ló jẹ́ kí ọmọ mi mọ A, B, D. Ọjọ́ tí ibà mú un ní kíláàsì, ọwọ́ wọn ló wà títí mo fi dé. Síbẹ̀, mi ò lè ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ta ni kí n lọ bá? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò ní dìjà? Báwo lẹ̀yin náà ṣe ń ṣètò tiyín, tí ọ̀rọ̀ fi ń dé ibi tó yẹ kó dé?

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú

Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má gbé e sórí WhatsApp. Tí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, òbí kọ̀ọ̀kan á kó ẹ̀dùn ọkàn tiẹ̀ lé e, ilé-ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara wọn, kò sẹ́ni tó máa tún géètì ṣe. Ìwé ni kí ẹ kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó lẹ pè, ta lẹ bá sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n fèsì, aago mélòó ni wọ́n mú ọmọ lọ, ta ló mú un. Ẹ má fi èébú kankan sí i. Kí ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì.

Tí ẹ bá dé ilé-ìwé, tí ẹ ò rí ọmọ, tí ẹ pe gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀, tí wọn ò mọ̀, ẹ má dúró kẹ́ ẹ máa ṣàròyé. Ẹ pe 767 tàbí 112. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni, ẹ ò ní fi kírẹ́díìtì kankan pè é.

Tíṣà Kíláàsì Kejì, Súrùlérè

Ìyá Mofẹ́, mo kí yín kú ìpayà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, mi ò fi gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Nílé-ìwé tèmi, inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ni fóònù àwa tíṣà máa ń wà láti ìgbà àsẹ́ńbílì. Òbí tó bá fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi láago mọ́kànlá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa kà á. Òbí míì kọ ọ́ sórí ẹgbẹ́ kíláàsì, àdúrà àárọ̀ àti fọ́tò ọjọ́ ìbí ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Òbí kẹta á ní kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi: “Àǹtí, mọ́mì mi ní màmá àgbà ló ń bọ̀.” Ọmọ kékeré ni o.

Tó bá wá di ìgbà ìpadàsílé, ọmọ kan ń wá bàtà, òmíràn ti gbé báàgì ọmọ ẹlòmíì, ìyá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn ọlọ́lẹ́sìnnì ti ń dúró dè mí. Mo lè gba ọ̀rọ̀ yín, kí n sì ní in lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń ṣí géètì. Bàbá géètì ò sí lórí WhatsApp wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń já.

Ohun tá a ṣe nígbà tí irú ẹ̀ fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí. Fóònù ọ́fíìsì nìkan ni a ń gba àyípadà lé lórí, kò gbọ́dọ̀ kọjá aago kan ọ̀sán. Òbí á sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ bó ṣe wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kì í ṣe “àbúrò mi” tàbí “Bọ̀dá Ṣẹ́gun”. Ọ́fíìsì á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, ìwé yẹn ló ń lọ sí géètì kí wọ́n tó lu aago. Ẹni tó bá wá mú ọmọ á fọwọ́ sí i, á kọ aago tó mú un.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ràn. Tí ẹ bá pè pé ẹni tuntun ló ń bọ̀, a máa pa fóònù, a ó sì fúnra wa pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè pè wá kó ní, “Èmi ni ìyá Mofẹ́.” Ohùn obìnrin lórí fóònù ò ní àmì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí wọ́n bá ṣe é fún yín.

Màmá Fárídà, Agége

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé mi ò láàánú o, àmọ́ ṣé a ò ti ń sọ ọ́ di ńlá? Ọmọ délé, ó jẹun. Ọmọ ẹ̀yìn oníkẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe olè. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti ilé-ìwé délé, gbogbo àdúgbò ló ń bá òbí wa wò wá.

Ìyá Mofẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́ta

Màmá Fárídà, mo gbọ́ yín ma. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ẹ sọ yẹn, wọ́n mọ orúkọ yín níbẹ̀, wọ́n mọ ilé bàbá yín. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ orúkọ ọmọ mi. “Ọmọ Àlájà” ló wí ní géètì, wọ́n sì fún un lọ́mọ. Ká ní ẹlòmíì ló sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ fi kinní kan kún un. Èmi ni mò ń mú àwọn ọmọ-ọmọ mi nílé-ìwé ní Òkè Arìn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò káàdì dé, ọmọdé tó wà ní géètì, tí mo mọ ìyá rẹ̀, ní kí n mú káàdì wá. Ó dùn mí. Gbogbo ojúgbà mi tó wà níbẹ̀ ló dùn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tiẹ̀ ń pariwo pé ọmọ tí òun sọ lórúkọ ni wọn ò fẹ́ fún òun.

Ọmọbìnrin mi ló jókòó tì mí, ó ní, “Màámi, wọn ò fojú dì yín. Tí wọ́n bá yọ̀ǹda yín láìwo káàdì, wọ́n á yọ̀ǹda ẹlòmíì náà.” Mo gbà. Ẹ bá àwọn àgbà ilé sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ géètì ni wọ́n á ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá géètì tó ń gba ìjà lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kan á sú u, á kàn ṣílẹ̀kùn.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Ilé-ìwé, Ọ̀ṣòdì

Ẹ jẹ́ ká bá oníkẹ̀kẹ́ náà wí díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ ò gbọ́dọ̀ rán ẹlòmíì láìsọ fún òbí. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kó yá fóònù, kó pe òbí, kó ní òun ò lè wá. Ìyá Mofẹ́, ẹ gba fọ́tò rẹ̀, fọ́tò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ fún ilé-ìwé ní ẹ̀dà. Kí ilé-ìwé mọ̀ pé ẹni yẹn nìkan ni. Kẹ̀kẹ́ kọ́ la ń fọmọ lé lọ́wọ́, ènìyàn ni.

Ẹni tó ní ká má dárúkọ òun, Yábà

Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé ó lè kan ẹlòmíì níbí. Èmi àti bàbá ọmọ mi ti pínyà, kóòtù ló ṣètò ọjọ́ tó lè mú un. Mo ń sọ ọ́ fún tíṣà lẹ́nu, tíṣà ń mi orí. Lọ́jọ́ kan ó wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n fún un. Tíṣà ní, “Ma, bàbá rẹ̀ ni, kí ni mo fẹ́ fi dá a dúró?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ kejì ni mo mú ẹ̀dà àṣẹ kóòtù lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n fi sínú fáìlì ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, ó sì ní kóòtù ẹbí tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ ò bá fún ilé-ìwé, wọn ò lè tẹ̀ lé e.

Ìyá Ayọ̀mídé, Gbàgádà

Ṣé ẹ ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀? Èmi àti ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹrin mú orúkọ oúnjẹ kan. Ẹni tí ò bá lè sọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kódà kó jẹ́ àǹtí tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní nọ́sìrì ni mi ò gbé e fún mọ́, torí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ohun tí mo kọ́ ìyẹn ni pé kó má dìde lórí àga àfi tí Àǹtí bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí Àǹtí fúnra wọn fà á lé ẹni náà lọ́wọ́.

Ìyá Mofẹ́, Ẹ̀bùté-Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an. Mo padà wá jábọ̀.

Mo fi ohun tí Tíṣà Súrùlérè kọ han bàbá Mofẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ká jọ lọ. A kọ ìwé bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á lójú wa, wọ́n ránṣẹ́ pe àǹtí àti bàbá géètì. Ojú àǹtí ti pọ́n kí wọ́n tó jókòó. Mo sọ fún wọn níwájú gbogbo èèyàn pé mi ò wá fi wọ́n sùn, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé géètì ni mo wá béèrè. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́ fún àǹtí kejì pé kó sọ fún géètì, ìyẹn náà sì ti lọ bá àwọn ọmọ tí òjò fẹ́ pa. Bàbá géètì ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún òun rí, pé ojú lòun fi ń mọ àwọn tó ń wá. Èyí yà mí lẹ́nu ju gbogbo ẹ̀ lọ, pé kò sẹ́ni tó ti fún bàbá yìí ní ìwé kankan rí.

Wọ́n ti gbà láti ní ìwé géètì, wọ́n sì yan nọ́ńbà ọ́fíìsì kan. Oníkẹ̀kẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ nílé, a gbà á, ó sì ti mú fọ́tò rẹ̀ wá.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, tí mo há sórí afárá, tí ẹni tó yẹ kó mú un náà ò lè dé, kí ni kí wọ́n ṣe?

Tíṣà Kíláàsì Kejì, Súrùlérè

Inú mi dùn sí èyí ma. Ẹ forúkọ ẹni mẹ́ta sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú fọ́tò àti nọ́ńbà wọn: oníkẹ̀kẹ́, àbúrò yín, àti Àlájà tí ilé wọn wà nítòsí. Àwọn yẹn ò nílò ìpè kankan kí wọ́n tó mú un lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú, àfi káàdì àti ìfọwọ́sí. Ẹ tún un kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà máa ń yí padà, oníkẹ̀kẹ́ náà máa ń yí padà.

Tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bá sì wá, ọ́fíìsì ni kí ọmọ jókòó sí lọ́dọ̀ ọ̀gá, kì í ṣe lórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ géètì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ sì fi fọ́tò àbúrò yín àti ti Àlájà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de táàmù tó ń bọ̀.