Ìtàn ìrírí: bí Avensis ilé ṣe ń di ọkọ̀ ìdíje

Ọmọ Ìbàdàn ní Derby

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń sọ mọ́tò lásán di ọkọ̀ ìdíje ni mo ti ń jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé, “Ẹ́ńjìnnì wo lẹ gbé sí i?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí: ara bọ́dì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì pọ̀ sí jù.

Avensis ni n ó fi ṣàlàyé, torí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílé. Burnaston, lẹ́bàá Derby níbí, ni Toyota ti ń kàn án títí di 2018. Nígbà tí BTCC, ìdíje eré ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1958, fẹ́ gbé òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní NGTC kalẹ̀, Avensis ni wọ́n fi kan èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ní 2010. Lẹ́yìn náà ni Speedworks, ẹgbẹ́ kékeré kan láti Cheshire, gba ọkọ̀ yìí mọ́ra fún ọdún púpọ̀. Ní 2018, Tom Ingram fi Avensis wọn ṣe ipò kejì nínú ìdíje gbogbo ọdún náà. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ti Toyota rárá. Èyí tí TOCA, àwọn tó ń darí ìdíje náà, ń yá ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ni. Gíà Xtrac àti bíréèkì AP Racing tó wà lára rẹ̀ ló wà lára àwọn ọkọ̀ ìdíje yòókù pẹ̀lú. Tí gbogbo ìyẹn bá rí bákan náà, ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà dáadáa ni ìyàtọ̀ wà.

Títú la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó, kápẹ́ẹ̀tì, dáṣíbọ́ọ̀dù, gíláàsì, wáyà, gbogbo ẹ̀ á jáde. Ọ̀dà dúdú tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ariwo má baà wọlé ló máa ń le jù. Yìnyín gbígbẹ, ìyẹn afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí wọ́n mú dì, la máa ń tẹ́ lé e lórí títí yóò fi gan, a ó wá máa fi òòlù gbá a, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí mọ́tò bó ṣe rí lóòótọ́. Ẹ ó rí i pé ńṣe ni ilé iṣẹ́ fi iná mú irin méjì pọ̀ ní àmì-àmì, àlàfo wà láàárín. Àwọn ojú ìsopọ̀ yẹn la máa ń jó mọ́ra sí i.

Ó wá kan àgò irin, àwọn páìpù tó yí dírẹ́bà ká. Ọ̀pọ̀ rò pé torí kí òrùlé má baà rún mọ́ ọn lórí nìkan ni. Òótọ́ ni, àmọ́ àgò yẹn náà ló ń so ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú gbára lé mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí bọ́dì bá ń lọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń wọ kọ́nà, kò sí bí ẹ ṣe lè yí ṣọ́ọ̀kì tí táyà yóò fi jókòó dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì olówó gọbọi lára bọ́dì tó rọ̀, páànù tuntun lórí ògiri tó lanu ni.

Wẹ́dà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Ohun tí ẹ sọ yìí, mo ti fojú rí i níbí. Oníbàárà kan gbé tòkúnbọ̀ wá, ó ní táyà ń jẹ lápá kan, pé wọ́n ti ṣe aláìnímẹ́ǹtì títí, kò gbọ́. Mo fi jáákì gbé ẹ̀yìn ọ̀tún sókè, ilẹ̀kùn ò tì mọ́. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tì. Mo ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n gé tí wọ́n so pọ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀! Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yòówù kó dé, màá kọ́kọ́ jáákì í kí n wo ilẹ̀kùn.

Ẹ dákun, irú páìpù wo lẹ fi ń ṣe àgò yẹn? Ṣé páìpù omi tó nípọn lè ṣe é?

Àǹtí Táyà

Èmi ò sí ní BTCC o. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sáré lópin ọ̀sẹ̀ ní Donington, pápá eré ọkọ̀ kan nítòsí Derby, ni mo wà, táyà àti òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Òṣùwọ̀n mẹ́rin la ń gbé ọkọ̀ lé, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, dírẹ́bà á sì jókòó sínú rẹ̀, torí ìwúwo tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti gíà wà níwájú, iwájú náà ló sì ń wa ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn máa ń fúyẹ́. A máa ń gbé bátìrì lọ sẹ́yìn.

Láàárọ̀ òtútù kan, ọmọkùnrin kan wọlé padà, ó ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú, pé ẹ̀yìn fẹ́ sáré ju iwájú lọ ní Craner Curves, ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀. Mo wọn ooru táyà: ti iwájú ti gbóná, ti ẹ̀yìn ò tíì gbóná rárá. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀, òun ló ń yà á, òun náà ni bíréèkì ń tẹ̀ jù. Ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. A ò tú nǹkan kan. Mo ní kó fi sùúrù yípo díẹ̀ sí i kó tó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà sì dúró ṣinṣin.

Ọmọ Ìbàdàn ní Derby

Àǹtí, ẹ ṣeun, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ni kò mọ èyí.

Àbúrò mi wẹ́dà, mo bẹ̀ ọ́, má fi páìpù omi ṣe é. Ojú ìsopọ̀ lè wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Èyí tí òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé, fẹ́ kò ní ojú ìsopọ̀ lára, irin tútù ni wọ́n fà gùn di páìpù. Páìpù ńlá tó yí ẹ̀yìn orí dírẹ́bà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 45 mm, kí ara rẹ̀ sì nípọn tó 2.5 mm, tàbí 50 mm pẹ̀lú 2 mm. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ páìpù kalẹ̀, jó irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 3 mm mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páìpù á lu ilẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá yí. Bí wọ́n bá sì gbé bẹ́líìtì ìdíje tòkúnbọ̀ wá bá ọ, wo déètì ara rẹ̀ kí o tó sanwó: ọdún 5 ni wọ́n máa ń fún un.