Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pinnu nípa pápá ìṣeré tuntun ìlú?

Ọmọ Ìgbìmọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Mo wà lára ìgbìmọ̀ tí a ní kí ó gba ìjọba ìlú nímọ̀ràn lórí pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù tuntun tí yóò gba òǹwòran 40,000. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a kọ́ ọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí kò sì wọ́n. Àwọn mìíràn ní orí ilẹ̀ pápá àtijọ́ láàárín ìlú ni kí ó wà. Àwọn eléré ìdárayá sì tún fẹ́ kí a fi ọ̀nà eré sísá yí i ká, kí owó kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ayàwòrán ilé ti mú àwòrán tí ó lẹ́wà gan-an wá, ojú gbogbo ènìyàn sì ti wà lára òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí a yanjú kí a tó fọwọ́ sí àwòrán kankan?

Òṣìṣẹ́ Ààbò dáhùn pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà àbájáde ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni èrò ń wọlé, ṣùgbọ́n bí fèrè ìparí bá ti dún, gbogbo wọn ni ó ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà ààbò tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí ìjáde náà ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ìlànà yìí kan náà ka ènìyàn 66 sí iye tí ó lè gba orí àtẹ̀gùn tí ó fẹ̀ ní mítà kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ka 82 bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìṣirò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan pápá yín bá gba 10,000, àtẹ̀gùn mítà kan yóò kó ènìyàn 528 jáde ní ìṣẹ́jú 8, nítorí náà àpapọ̀ fífẹ̀ gbogbo àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní nǹkan bíi mítà 19. Àyè ńlá nìyẹn jẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ àyè tí ayàwòrán ti fi sí yàrá àlejò pàtàkì tàbí ilé oúnjẹ.

Ọ̀nà àbáwọlé náà kò gbọdọ̀ kéré. Ní pápá ìṣeré Hillsborough ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́rọ tí ń gba ènìyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, 7 péré, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òǹwòran tí ó lé ní 10,000 tí yóò dúró ní apá kan pápá náà. Èrò há síta, wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ńlá kan láti dín ìfúnpọ̀ kù, àwọn ènìyàn sì gba ọ̀nà abẹ́ ilé tààrà wọ inú àwọn ọgbà onírin àárín, níbi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí, tí ó ti kún, nígbà tí àyè ṣì wà ní àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ènìyàn 97 ni ó kú. Mi ò lè gbọ́ kí ìgbìmọ̀ kan máa jíròrò òrùlé ṣáájú ẹnu ọ̀nà kí n má rántí wọn.

Ní ti ilẹ̀ ẹ̀yìn ìlú, owó tí ẹ kò ná lórí ilẹ̀ ni ẹ ó ná lórí títì. Ìpẹ̀kun àríwá ìlú Munich ní Jámánì ni pápá ìṣeré Allianz Arena wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń dé ibẹ̀, wọ́n sì mú ibùdó rẹ̀ ní Fröttmaning gbòòrò sí i nítorí pápá náà tí wọ́n ṣí ní 2005. Bí kò bá sí irú rẹ̀ níbi tí ẹ̀yin ń wò, tí ìdajì èrò yín sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni 50, bọ́ọ̀sì 400 ni yóò dúró dè wọ́n.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà eré sísá ni mo fẹ́ fi kún un, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má gbà á. Pápá bọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 105 sí 68, ọ̀nà eré sísá mítà 400 tí ó bá yí i ká yóò sì ti ìjókòó sẹ́yìn, ní pàtàkì lẹ́yìn gólì, débi pé ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ kò ní mọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìlú Turin ní Ítálì, wọ́n kọ́ pápá Delle Alpi pẹ̀lú ọ̀nà eré sísá fún Ife Àgbáyé 1990. Àwọn òǹwòran kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Juventus wó o, wọ́n sì ṣí èyí tí ó kéré púpọ̀ sí i, tí kò ní ọ̀nà eré sísá, lórí ilẹ̀ kan náà ní 2011. Ìlú London gbìyànjú láti fi ìjókòó tí ó ṣeé sún síwá sẹ́yìn mú bọ́ọ̀lù àti eré sísá papọ̀ nínú pápá Òlíńpíìkì 2012, ṣùgbọ́n owó ńlá ni sísún àwọn ìjókòó náà ń jẹ. Ẹ kọ́ ọ̀nà eré sísá tí ó dára sí ibòmíràn fún àwọn eléré ìdárayá, pẹ̀lú ìjókòó ìwọ̀nba. Ẹ̀tọ́ wọn ni, wọn yóò sì lò ó lójoojúmọ́.

Ọmọ Ìgbìmọ̀:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Bí a bá wá yan ilẹ̀ àtijọ́, níbo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òrùlé náà kò sì ní pa koríko lára?

Olùtọ́jú Koríko dáhùn pé:

Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá àtijọ́, ẹ lè ṣe bíi ti ìlú Bilbao ní Sípéènì. Ẹ̀gbẹ́ pápá San Mamés àtijọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tuntun. Apá mẹ́ta ni ó ti ṣeé lò nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2013, wọ́n sì parí apá kẹrin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, lórí ibi tí wọ́n ti wó ti àtijọ́. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò nílò láti kúrò ní àdúgbò rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó jẹ mí lógún jù. Òrùlé tí ó bo gbogbo ìjókòó ń ṣíji bo koríko, àwọn ògiri gíga sì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Koríko tí kò rí oòrùn tí kò sì gbẹ dáadáa yóò tínrín, àrùn yóò sì mú un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí iná ńlá tí ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tò sórí pápá láàárín ọ̀sẹ̀ dípò oòrùn. Iná mànàmáná tí àwọn wọ̀nyí ń jẹ kò kéré, títí láé ni ẹ ó sì máa san án. Ẹ ní kí ayàwòrán fi wákàtí oòrùn tí yóò kan igun kọ̀ọ̀kan pápá náà hàn yín, oṣù sí oṣù. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo etí òrùlé lápá ibi tí oòrùn ti ń wá, ìṣòro náà yóò dín kù gan-an láìjẹ́ pé àwòrán náà pàdánù ẹwà rẹ̀. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé àríwá àti gúúsù ni àwọn gólì kọjú sí, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọ aṣọ́lé lójú. Lórí ilẹ̀ tó há láàárín ìlú, ìyẹn nìkan lè yí gbogbo àwòrán náà padà, nítorí náà ẹ bèèrè rẹ̀ ní ìpàdé yín tí ó ń bọ̀.